Òkèèrè Ni Olójú Jíjìn Ti Í Mẹ́kún Sun: Ìtàn Gbéborùn Lórí Omi Àjàṣẹ́

 Ìtàn omi la gbé wá lónìí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ti gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ pa nítorí pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà. Wọn kò sì ṣí i padà títí di ọdún 1986. Àwọn tó ti dàgbà nínú wa kò lè gbàgbé àsìkò yẹn. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà ní ìhà kejì kò ríbi kọjá, ẹni tó ń ná ọjà lọ́tùn-ún lósì sì ká ọwọ́ lẹ́rán. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 yẹn kan náà, nígbà tí ṣọ́jà ṣì ń ṣọ́ ẹnubodè, àwọn èèyàn rí ewéko kan lójú omi Àgbádárìgì tí wọn kò rí rí. Ewé rẹ̀ tutù minimini, òdòdó rẹ̀ rẹwà, ó sì ń léfòó bọ̀ láti ọ̀nà Àjàṣẹ́. Kò gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bó ṣe wọ Nàìjíríà nìyẹn.

Ọdún bíi mélòó kan ṣáájú, ní ìparí àwọn ọdún 1970, ló ti wọ omi Bẹ̀nẹ̀. Láàárín ìgbà tó dé Bẹ̀nẹ̀ àti ìgbà tó dé Nàìjíríà, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Èyí tó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé, kí ó tó dé Bẹ̀nẹ̀ rárá, gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn mọ̀ nípa ìwà rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní ibòmíràn láyé. Ohun tí a fẹ́ fi ìtàn yìí sọ nìyẹn: ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wa, ẹni tí yóò béèrè kí nǹkan tó dé ni kò sí.

Omi kan náà ni

Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí ààlà láàárín Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Ẹni tó bá wo omi kò ní rí ààlà kankan. Odò Wẹ̀mẹ̀, tí àwọn Faransé ń kọ ní Ouémé, ń ti ìhà àríwá Bẹ̀nẹ̀ bọ̀, ó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 510, ó sì ń tú omi rẹ̀ sí adágún Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Omi tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Totchè ló so adágún àti ọ̀sà náà pọ̀. Láti ọ̀sà Àjàṣẹ́, omi ń bá etí òkun lọ sí ìlà oòrùn, ó ń kọjá ní Àgbádárìgì, ó sì ń já sí ọ̀sà Èkó.

Ọ̀nà omi yìí ni ọkọ̀ tó kó epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ń gbà láti Àjàṣẹ́ lọ sí Èkó nígbà ayé Ọba Tòfá, ẹni tó jọba láti 1874 títí di 1908. Orí ìtẹ́ ló wà nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, tí wọ́n fi pín ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín èèyàn, wọ́n pín owó orí. Omi nìkan ni wọn kò rí pín.

Ohun kan tún wà nípa omi yìí tó yẹ ká mọ̀, ìyẹn ni iyọ̀. Ní 1885, àwọn Faransé la ojú omi kan ní Kútọnu láti inú adágún Nokoué jáde sí òkun, kí àkúnya má baà bo ìlú. Láti ìgbà yẹn, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí odò fà, omi òkun a máa wọlé sínú adágún, omi á sì di oníyọ̀. Bí ìkún odò Wẹ̀mẹ̀ bá tún dé, omi odò á ti omi iyọ̀ padà sí òkun. Àwọn apẹja Ganvié àti ti Aguégués mọ ìgbà méjèèjì yìí dáadáa, nítorí irú ẹja tí wọ́n ń rí pa ń yí padà bí omi bá yí padà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Àlejò tó jọ ará ilé

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ewéko tó ń léfòó. Wọ́n mọ ojú oró, wọ́n mọ òṣíbàtà. Wọ́n tiẹ̀ fi bí àwọn méjèèjì ṣe ń lékè omi ṣe àdúrà fún wa, títí dòní ni a sì ń ṣe àmín sí i. Bóyá ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi tètè fura sí àlejò yìí nìyẹn. Ó jọ ará ilé.

Nínú ìwé ìjọba Bẹ̀nẹ̀, jacinthe d'eau ni orúkọ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, àwọn akọ̀wé ń pè é ní water hyacinth. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wa ní ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà fún un ní orúkọ tó bá ìwà rẹ̀ mu. Gbéborùn ni wọ́n pè é. Ta ni kò mọ gbéborùn ládùúgbò? Ẹni tó gbé ìborùn sí èjìká, tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, tí kò sí ibi tí kò ní í dé, tí kò sì sí ibi tó dé tí kò ní í dà rú. Àwọn ará Ígálà, tí èdè wọn bá tiwa tan, sọ ọ́ ní orúkọ tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ: A kp'iye kp'oma. Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbifọ̀ kó tó mọ̀ pé «pa ìyá, pa ọmọ» ni wọ́n ń sọ. Gbéborùn la ó máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Kí ló mú kí agbára rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Igi ewé rẹ̀ wú bí ìfun tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, kì í rì. Gbòǹgbò rẹ̀ kò di ilẹ̀ mú, nítorí náà atẹ́gùn àti ìṣàn omi lè gbé e lọ síbi tó bá wù wọ́n. Ó ń yọ ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti pé bí omi bá gbóná tí ó sì lọ́ràá, iye rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìdí 10 bá wà lójú omi lónìí, tí kò sì sí ohun tó dí wọn lọ́wọ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24 wọn yóò ti di 40,960. Yàtọ̀ sí èyí, irúgbìn rẹ̀ lè wà nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi fún ohun tó ju ọdún 15 lọ kó tó hù. Ẹni tó fà á tu lónìí kò tíì fa ti ọ̀la tu.

Bí ó ṣe rin ìrìn àjò

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní agbègbè odò Amazon ní Bùràsíìlì. Níbẹ̀, àwọn kòkòrò wà tó ń jẹ ẹ́, wọn kì í jẹ́ kó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí àwọn òyìnbó rí òdòdó rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí ọgbà wọn káàkiri ayé. Òdòdó ni wọ́n kó. Wọn kò kó kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ mọ́ ọn. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, ó ti dé Íjíbítì, ó sì ti di àwọn odò ní Florida àti Louisiana ní Amẹ́ríkà débi pé ọkọ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Ní 1899, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní láti yan iṣẹ́ fún àwọn ẹnjiníà ológun pé kí wọ́n máa kó o kúrò lójú omi.

Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 1910, Robert Broussard, aṣòfin láti Louisiana, gbé àbá òfin kan kalẹ̀ pé kí wọ́n lọ kó erinmi láti Áfíríkà wá, kí wọ́n tú wọn sínú omi Louisiana, kí wọ́n máa jẹ ewéko náà, kí àwọn èèyàn sì máa jẹ ẹran wọn. Orí kó wọn yọ, àbá náà kò di òfin. Ẹ ò rí i pé àjèjì kan ni wọ́n tún fẹ́ fi lé àjèjì jáde, láìbéèrè ohun tí erinmi yóò ṣe lẹ́yìn tó bá jẹun yó.

Lẹ́yìn náà ló kan Áfíríkà wa yìí. Ní 1952 wọ́n rí i lórí odò Kóńgò, kò sì ju ọdún díẹ̀ lọ tó fi gba ju kìlómítà 1,000 lórí odò náà. Ní òpin àwọn ọdún 1980, ó dé adágún Victoria ní ìlà oòrùn Áfíríkà. Láàárín àwọn méjèèjì yìí ló dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Iye tó ná wa

Bí gbéborùn bá bo omi, oòrùn kì í wọ inú omi mọ́, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi á dín kù, ẹja á kú tàbí kí ó sá lọ. Àwọ̀n kò ṣeé jù, ọkọ̀ kò ṣeé wà. Ní abúlé orí omi, níbi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí ọjà, sí ilé ìwé àti sí ọ̀dọ̀ dókítà, bí omi bá dí, ojú pópó ló dí yẹn. Ẹ̀fọn rí ilé sínú rẹ̀, ìgbín omi tó ń gbé àrùn àtọ̀sí ajá kiri náà sì fẹ́ràn abẹ́ rẹ̀.

Ní 2003, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Wọ́n fọ̀rọ̀ wá ọkùnrin àti obìnrin 365 lẹ́nu wò ní abúlé 24. Ohun tí wọ́n rí nìyí: nígbà tí gbéborùn gbilẹ̀ jù, ó ń dín owó tó ń wọlé fún nǹkan bí èèyàn 200,000 kù ní mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́dọọdún. Bí a bá pín in, dọ́là 420 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún kan. Fún apẹja inú Aguégués, owó ilé ìwé ọmọ nìyẹn, owó àwọ̀n tuntun nìyẹn, owó oògùn nìyẹn.

Ìwádìí náà tún fi hàn pé ọ̀tọ̀ ni ibi tó ti dun ọkùnrin, ọ̀tọ̀ ni ibi tó ti dun obìnrin. Ìdí ẹja pípa ni ti àwọn ọkùnrin ti ṣòfò. Ìdí òwò ni ti àwọn obìnrin, nínú ẹja àti oúnjẹ tí wọ́n ń tà. Ìyẹn ni pé adánù náà kò dúró sójú omi. Ó bá ẹja gòkè, ó wọ ọjà, ó sì dé inú ìkòkò ẹni tí kò fọwọ́ kan àjẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wá oògùn rẹ̀

Ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kó o. Ṣùgbọ́n ewéko tó ń di ìlọ́po méjì ní ọ̀sẹ̀ méjì kò ṣeé fi ọwọ́ kó tán, ó sì wúwo nítorí omi tó wà lára rẹ̀. Oògùn apakoríko ń bẹ, ṣùgbọ́n ta ni yóò da oògùn apakoríko sínú omi tí àwọn èèyàn ti ń pa ẹja jẹ, tí wọ́n ti ń wẹ̀, tí wọ́n sì ti ń fọṣọ?

Ibi tí ìrànlọ́wọ́ ti wá ni ibi tí a kò rò, láti ìdí ẹ̀gẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò funfun kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà wọ Kóńgò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹ̀gẹ́ káàkiri Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, wá ọ̀tá kòkòrò náà lọ sí ilé rẹ̀. Wọ́n rí agbọ́n kékeré kan ní Paraguay, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n sì tú u sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981. Ẹ̀gẹ́ yè. Hans Herren tó darí iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn World Food Prize ní 1995. Ní 1988, IITA dá ibùdó irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní Abomey-Calavi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ gbéborùn yẹ̀ wò.

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n lò. Bí gbéborùn bá ní ọ̀tá ní ilé rẹ̀, kí a lọ pè é wá. Irú kòkòrò méjì kan wà, tí wọ́n ń pè ní Neochetina, tí imú wọn gùn bíi ti kòkòrò inú àgbàdo. Wọn kò ga ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Àgbà wọn á máa họ ewé gbéborùn jẹ lóru, ọmọ wọn á sì máa gbẹ́ ihò wọ inú igi ewé títí dé ọkàn rẹ̀, omi á wọ ibẹ̀, ewéko náà á jẹrà, á sì rì. Láti Argentina ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí Florida ní 1972. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, àti ní àwọn orílẹ̀-èdè tó tẹ̀lé wọn, wọ́n gbé ewéko mìíràn tó lé ní irú 200 síwájú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá yóò jẹ ẹ́: ewéko oúnjẹ, ewéko omi, ewéko tó bá gbéborùn tan. Ìdí gbéborùn nìkan ló ti lè pọ̀ sí i.

Láàárín 1991 sí 1993, wọ́n tú kòkòrò méjèèjì sílẹ̀ lójú omi Bẹ̀nẹ̀. Kò yá. Ìparí ọ̀rọ̀ náà gba sùúrù. Ṣùgbọ́n ní Tévèdji, níbi tí gbéborùn ti bo omi láti etí dé etí, ó kù bí ìpín 5 nínú 100 lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Ìwádìí ọdún 2003 tí a mẹ́nu bà lókè ṣírò rẹ̀ pé gbogbo owó tí wọ́n ná sí iṣẹ́ kòkòrò yìí jẹ́ mílíọ̀nù 2.09 dọ́là, owó tó sì padà wọlé fún àwọn èèyàn jẹ́ mílíọ̀nù 30.5 dọ́là lọ́dún kan. Bí èrè náà bá dúró bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún, dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ná yóò mú 124 wá.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà méjì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mílíọ̀nù 84 ló lọ, mílíọ̀nù 30.5 ló padà. Kò tó ìdajì. Oògùn tó dára tó báyìí kò lè san gbogbo gbèsè tí àrùn náà dá.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro, ọ̀rọ̀ iyọ̀ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn sì wà nínú rẹ̀. Gbéborùn kò lè gbé inú omi oníyọ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, èyí tó wà ní adágún Nokoué á kú. Bí ìkún odò bá dé, tuntun á tún ti òkè odò bọ̀. Kòkòrò máa ń fẹ́ àkókò àti ibùgbé kí ó tó pọ̀ tó láti ṣẹ́gun. Níbi tí ewéko ti ń kú tó sì ń padà lọ́dọọdún, kò rí àkókò yẹn. Bẹ́ẹ̀ sì ni omi ìdọ̀tí àwọn ìlú ńlá ń ṣe ajílẹ̀ fún gbéborùn. Ìdí nìyẹn tí ó fi ṣì ń bò wá lójú omi bí òjò bá ti rọ̀ tó.

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò béèrè

Ẹ wo ohun kan tó yani lẹ́nu nínú ìtàn yìí. Kòkòrò tó jẹ́ oògùn, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà kó wọlé. Ewéko tó jẹ́ àrùn, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọn kò fi yẹ̀ ẹ́ wò. A dán oògùn wò, a kò dán àrùn wò.

Àwọn tó ń díwọ̀n ewu àjèjì ewéko àti ẹranko lónìí kì í ṣe babaláwo. Ìbéèrè bíi mélòó kan ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀nà wo ni ó lè gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Bí ó bá dé, ṣé ojú ọjọ́ àti omi wa yóò gbà á? Bí ó bá gbà á, báwo ni yóò ṣe yára tàn tó? Ta ni yóò jìyà rẹ̀? Bí a bá sì fẹ́ lé e, ṣé ó ṣeé lé? Ẹ jẹ́ ká béèrè wọn nípa gbéborùn, bí ẹni pé ọdún 1975 la wà, ọdún tí Dàhòmì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bẹ̀nẹ̀.

Ọ̀nà wo? Wọ́n ń kó o kiri gẹ́gẹ́ bí òdòdó, èyí kò ṣe àṣírí láti ọ̀rúndún tó ṣáájú. Ṣé omi wa gbà á? Omi wa gbóná, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ kò níyọ̀ láti oṣù kan dé òmíràn. Báwo ni yóò ṣe tàn? Kóńgò ti dáhùn ní ogún ọdún ṣáájú. Ta ni yóò jìyà? Ẹnikẹ́ni tó ń jẹun lójú omi. Ṣé ó ṣeé lé? Amẹ́ríkà ti ń bá a fà á láti 1899, wọn kò tíì lé e tán. Gbogbo ìdáhùn ló wà nílẹ̀. Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun, ṣùgbọ́n olójú jíjìn ní láti kọ́kọ́ wo òkèèrè.

Gbéborùn nìkan sì kọ́. Ní 1906, wọ́n kó ọ̀pẹ kan tí wọ́n ń pè ní nipa láti Singapore wá gbìn sí Calabar, kí ó má baà jẹ́ kí omi máa jẹ etí ilẹ̀. Lónìí, ó ti lé igi ẹ̀gbà kúrò ní ọ̀pọ̀ etí omi Nàìjíríà, àbẹ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà sì ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń tọ́ ọmọ. Ní 1937, irúgbìn igi mẹ̀láínà tí wọ́n kó wá láti Ceylon gbé èso ewéko mìíràn pamọ́ sára. Ewéko yẹn gba oko wa débi pé nígbà rògbòdìyàn òṣèlú Ìwọ̀ Oòrùn, àwọn kan sọ ọ́ ní ewé Akíntọ́lá, àwọn kan sọ ọ́ ní ewé Awólọ́wọ̀. Ẹnì kan gbin èkínní tinútinú. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé èkejì wà nínú ẹrù. Ọ̀nà méjèèjì ló ń já sí ilé wa.

Kí a má sì rò pé àwa nìkan ni ayé ń kó nǹkan wá bá. Ẹ̀pìyà àgbọ̀n dúdú, tí àwọn ará orí omi Nokoué ń pa jẹ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀ka igi ṣe ilé akadja fún nínú omi, ọmọ etí òkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà gan-an ni. Ní 2010, wọ́n kó irú rẹ̀ láti Gánà lọ sí Thailand. Lónìí, ó ti kún inú odò àti ọ̀gbun omi ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀, ó ń jẹ ọmọ ẹja àti edé àwọn àgbẹ̀ ẹja. Ní 2024, ìjọba Thailand sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ń san owó fún ẹni tó bá pa á. Ẹja tó jẹ́ ọbẹ̀ wa ló di ogun wọn. Kò sí ẹ̀dá tó jẹ́ ẹni ibi níbi tí Ọlọ́run dá a sí. Ibi tí a gbé e lọ láìbéèrè ló ń sọ ọ́ di ọ̀tá.

Ohun tó kù fún wa

Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn àgbáyé lórí ìdáàbòbò ohun ẹlẹ́mìí ní 1994. Àdéhùn náà sọ pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dènà àjèjì ewéko àti ẹranko tó lè ba tiwọn jẹ́. Ní 2000, odò Wẹ̀mẹ̀ ìsàlẹ̀, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué wọ inú ìwé Ramsar, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn omi tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Àwọn ìwé yìí dára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ìwé ń wà bí kò bá sí ẹni tó ń wo iwájú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà tún ti ẹnubodè pa títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìrẹsì dúró, mọ́tò dúró. Gbéborùn ń bá tirẹ̀ lọ.

Ní báyìí, àwọn kan ti ń fi gbéborùn ṣe owó. Ní Bẹ̀nẹ̀, ilé iṣẹ́ Green Keeper Africa ń ra á lọ́wọ́ àwọn ará orí omi, wọ́n ń sọ ọ́ di ohun tó ń fa epo tó dà sílẹ̀ mu. Ní Nàìjíríà, àwọn kan ń hun ún bí ẹni ń hun ẹní. A yìn wọ́n. Ẹni tó fi ìyà rẹ̀ jẹun kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n a ní láti ṣọ́ra, kí ó má lọ di pé ẹni tó ń rí owó nínú rẹ̀ yóò máa bẹ̀rù ọjọ́ tí yóò tán. Kí a kó ohun tó wà nílẹ̀, kí a má ṣe gbin òmíràn.

Ohun tí a rò pé ó kan gbogbo wa nìyí. Ẹni tó ń ta òdòdó omi létí títì, ẹni tó ra ọmọ ẹja láti ọ̀nà jíjìn fún adágún ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ẹni tó fẹ́ tú ẹja tó sú u sínú ọ̀sà: kí olúkúlùkù wọn béèrè kí ó tó ṣe é. Kí a sì má béèrè ní Àjàṣẹ́ nìkan tàbí ní Àgbádárìgì nìkan. Bí apẹja Aguégués bá rí ewéko tí kò rí rí, Àgbádárìgì ló yẹ kí ìròyìn náà kọ́kọ́ dé, kí ewéko náà tó dé ibẹ̀. Láàárín ìparí àwọn ọdún 1970 àti oṣù kẹsàn-án 1984, ọ̀pọ̀ ọdún wà tí ìròyìn ìbá fi rin ìrìn tí kò ju ọjọ́ kan lọ lórí omi. Kò rin ín, nítorí pé Faransé ni wọ́n fi ń kọ̀wé ní ìhà kan, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́ ní ìhà kejì.

Yorùbá àti Ẹ̀gùn ni wọ́n ń sọ ní ìhà méjèèjì. A kò nílò ògbifọ̀ láti kìlọ̀ fún ara wa. Bí ẹ bá ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ewéko yìí ní àdúgbò yín, tàbí bí àwọn àgbà yín bá rántí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ rí i, ẹ jẹ́ ká gbọ́. Orúkọ àti ọdún ni àkọsílẹ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀.

Kí omi wa má gbẹ, kí ó má sì dí. Àṣẹ.